Afẹ́ Kọ́ ni Gbogbo Àjò: Lámèyítọ́ lórí Bí A Ṣe Ń Ṣírò Èrè Ìrìn-Àjò Afẹ́

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sí àgbà tí ó sọ pé kí olówó má ka owó rẹ̀. Ọlọ́jà tí kò bá ka owó kí ó tó pa àtẹ rẹ̀ dé, àdánù ni yóò gbé relé. Bí ó ti rí fún ọlọ́jà kan ni ó rí fún odidi orílẹ̀-èdè. Ìjọba tí kò mọ ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé kò lè mọ ọ̀nà tí ó yẹ kí ó tún ṣe.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe ń ṣírò ohun tí ìrìn-àjò afẹ́ ń fi kún ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè. Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó pa ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò. Èsì wa ni pé ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣáájú ìṣirò. Ẹni tí a ní kí ó ka ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ewúrẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò ka àgùntàn mọ́ ọn, yóò sì fi òbúkọ sílẹ̀. Èrò wa ni pé orúkọ tí àwa Yorùbá sọ iṣẹ́ yìí, ìyẹn ìrìn-àjò afẹ́, ti mú kí a máa ka àlejò díẹ̀ kí a sì máa fojú fo ọ̀pọ̀lọpọ̀. Èrò wa kejì ni pé ìwé ìlànà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé nínú ìṣirò náà gbòòrò ju bí a ti rò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun pàápàá ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó.

Àdúgbò Soje ní ìlú Minna ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ojú irin ni ó sọ Minna di ìlú ńlá. Ní nǹkan bí ọdún 1912 ni ojú irin tí ó ti Èkó wá pàdé èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò sì wà lára àwọn tí ó bá a wá. Títí di òní, bí ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹní a máa wọ́n ní ilé wa. Àbúrò ti Ìlọrin dé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, àna sì ti Kaduna dé láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé yóò sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àlejò lè rí yàrá sùn. Bí akọ̀wé ìṣirò kan bá wọ àdúgbò wa ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ya ilé ìtura nìkan láti béèrè iye àlejò, ohun tí yóò kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé àlejò kò wọ Soje. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú ọ̀ràn yìí, akọ̀wé ni àlejò.

Ìwé Ìlànà Tí À Ń Yẹ̀ Wò

Kí a tó dá ìwé lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti mọ̀ pé ìrìn-àjò ń mú owó wá, ṣùgbọ́n wọn kò rí ibi tí wọn yóò kọ ọ́ sí. Ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wá ojútùú sí i láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ní 1994, Canada gbé irú ìwé ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde. Ní 2000, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè lè máa tẹ̀ lé, wọ́n sì tún un ṣe ní 2008. Tourism Satellite Account ni orúkọ tí wọ́n fún un. Satellite ni ohun tí ń yí ohun tí ó tóbi jù ú lọ ká, bí òṣùpá ti ń yí ayé ká. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìwé ìṣirò alábàárìn ni a óò máa pè é, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ìwé ìṣirò ńlá ni ó ń rìn.

Kí ló dé tí ìwé ìṣirò ńlá kò tó? Nínú ìwé ńlá yẹn, ohun tí ènìyàn ń ṣe tàbí tí ó ń tà ni a fi ń to iṣẹ́ sí ìlà. Àgbẹ̀ ní ìlà tirẹ̀, ọlọ́kọ̀ ní ìlà tirẹ̀, oníṣòwò ní tirẹ̀, ilé ìtura àti olóúnjẹ sì jọ wà lórí ìlà kan náà. Ìrìn-àjò kò ní ìlà rárá. Ìdí èyí ni pé ohun tí a tà kọ́ ni ó ń sọ nǹkan di ti ìrìn-àjò, ẹni tí ó rà á ni. Ìyá alákàrà kan lè dín àkàrà sínú agbada kan náà, pẹ̀lú epo kan náà. Bí ará àdúgbò bá rà á, kò kan ìrìn-àjò. Bí èrò ọkọ̀ tí ó ń ti Sókótó lọ sí Ìbàdàn bá rà á, ó ti kàn án. Ojú àkàrà kò lè sọ ìyàtọ̀, ẹnu ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni a ti lè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí kò fi bójú mu kí ẹnikẹ́ni ka ìlà ilé ìtura àti olóúnjẹ nínú ìṣirò Nàìjíríà, kí ó sì sọ pé òun ti rí èrè ìrìn-àjò. Mẹkáníìkì tí ó jẹun ọ̀sán ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú ìlà yẹn, kò sì rìnrìn-àjò kankan. Owó ọkọ̀ tí arìnrìn-àjò san kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí ó rà nítorí àjò náà kò sí nínú rẹ̀.

Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ yin ìwé náà ni bí ó ti túmọ̀ ẹni tí à ń kà. Ìwé náà pè é ní olùbẹ̀wò. Olùbẹ̀wò ni ẹni tí ó kúrò ní àyíká tí ó ń gbé, tí ó sì ń rìn lójoojúmọ́, tí ó lọ sí ibòmíràn fún àkókò tí kò tó ọdún kan, tí kì í sì í ṣe pé ilé iṣẹ́ kan ní ibẹ̀ ni ó gbà á síṣẹ́. Bí ó bá sùn mọ́jú, àlejò asùnmọ́jú ni. Bí ó bá padà lọ́jọ́ náà, olùbẹ̀wò náà ni síbẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó bá lọ: ìsinmi àti ìgbafẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìsìn wà níbẹ̀, ìwòsàn wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ wà níbẹ̀, ọjà rírà àti ọ̀ràn òwò sì wà níbẹ̀.

Ìtumọ̀ yìí ní ọgbà tí ó yí i ká. Awakọ̀ tí ó gbé èrò wá láti Ìlọrin kì í ṣe olùbẹ̀wò, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Àgbẹ̀ tí ó ń ti Paiko wọ ọjà Minna lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í ṣe olùbẹ̀wò, nítorí pé Minna ti di ara àyíká rẹ̀. Agùnbánirọ̀ tí ó fi odidi ọdún kan sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Niger kì í ṣe olùbẹ̀wò, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó wá wò ó ní ibùdó, tí ó sùn ọjọ́ méjì, olùbẹ̀wò ni. Ẹni tí ó wá láti Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti ra òrí kò yàtọ̀ sí i. Ẹ kò rí i pé ìwé tí àwọn àjèjì kọ mọ ìyá agùnbánirọ̀ ní àlejò ju àwa fúnra wa lọ?

Àléébù Inú Ọ̀rọ̀ Náà

Kí ni ó ṣe wá tí a kò fi mọ̀ ọ́n? Ọ̀rọ̀ tí a yàn ni. Nínú èdè wa, afẹ́ ni ìgbádùn, ìṣeré àti fàájì. Bí a bá gbọ́ ìrìn-àjò afẹ́, ẹni tí ó máa ń wá sí ọkàn wa ni òyìnbó tí ó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, tàbí ọmọ olówó tí ó lọ jókòó sí etí òkun. Bí ọkàn wa bá ti lọ síbẹ̀, a kò ní rántí ka opó tí ó ti Ìbàdàn wá síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ni yóò pe ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ní onífàájì? Àṣà wa pàápàá kò gbà bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe afẹ́ ni a fi mọ àjò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àjò Yorùbá a máa ní ìdí. Òwò ni, tàbí ẹbọ, tàbí ìwòsàn, tàbí ìkíni, tàbí iṣẹ́ ọba. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, yóò rántí pé kì í ṣe fàájì ni ó gbé àwọn ọdẹ dé Òkè Láńgbòdó. Ọba ni ó rán wọn, ire ìlú ni wọ́n sì bá lọ. Bí a bá fẹ́ fi afẹ́ ṣe òṣùwọ̀n, gbogbo ìrìn náà yóò bọ́ sílẹ̀ nínú ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí a wo Òṣogbo. Ní 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn a máa tẹ̀ lé arugbá lọ sí etí odò. Àwọn kan wá wòran lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wá tọrọ ọmọ, àwọn mìíràn sì wá san ẹ̀jẹ́. Obìnrin tí ó ti ń fi omijé wá ọmọ láti ọdún mẹ́wàá kì í ṣe onírìn-àjò afẹ́ ní èdè wa. Nínú ìwé ìlànà, àtòun àti ẹni tí ó wá ya àwòrán, bákan náà ni. Àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀, àwọn méjèèjì jẹun, àwọn méjèèjì wá ibi sùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún àwọn tí ń lọ sí ìpàdé ìsìn ńlá ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, àti fún àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń ti Èkó àti ìlú òkèèrè wálé síbi Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá.

Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè ní ẹrù tiwa láti rù nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí a gbé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984 lábẹ́ ọ̀gá wa Ayọ̀ Bámgbóṣé, èdè, lítíréṣọ̀ àti ẹ̀kọ́ wọn ni a bójú tó. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ṣe wá láǹfààní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé kò sí lára iṣẹ́ náà, a sì fi í sílẹ̀ fún oníròyìn àti akọ̀wé ìjọba, tí wọ́n ń túmọ̀ ní kánjúkánjú. Àbá wa ni pé kí a fi ìrìn-àjò afẹ́ sílẹ̀ fún fàájì gan-an, kí a sì máa lo àjò àbẹ̀wò fún ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń kà. Arìnrìn-àjò ni gbogbo ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà. Olùbẹ̀wò ni apá kan nínú wọn. Onígbafẹ́ sì ni apá kan nínú àwọn olùbẹ̀wò. Bí a bá to ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sí ipò wọn, ìṣirò yóò rí ẹsẹ̀ dúró lé.

Ìṣirò Láti Inú Ìkòkò Olóúnjẹ

Ẹnìkan lè ta kò wá pé bí a bá ka gbogbo aṣọ̀fọ̀ àti gbogbo olùjọsìn, ṣé iye náà kò ní wú bí ìyẹ̀fun tí a da omi gbígbóná sí? Ìbéèrè gidi ni. Ìwé ìlànà náà ti pèsè ìdè tí kò ní jẹ́ kí ó wú jù. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá olóúnjẹ kan tí ó wà nítòsí gárèjì ṣe àpẹẹrẹ. Iye tí a óò lò kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, àfiṣàpẹẹrẹ lásán ni.

Kí a sọ pé ó ta oúnjẹ ₦60,000 lóòjọ́. Ìrẹsì, ata, epo, ẹran, igi ìdáná àti omi tí ó rà jẹ́ ₦42,000. Ohun tí ó kù jẹ́ ₦18,000. Láti inú rẹ̀ ni yóò ti san owó àwọn ọmọbìnrin tí ń bá a fọ abọ́, ìyókù sì di èrè tirẹ̀. ₦18,000 yìí ni ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi kún ọrọ̀ ajé. Kì í ṣe ₦60,000, nítorí pé iye ìrẹsì ti wà ní ìlà àgbẹ̀, iye igi ìdáná sì ti wà ní ìlà ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ. Bí a bá tún kà wọ́n sí ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, a ti ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Nínú abọ́ mẹ́wàá tí ó tà, kí a sọ pé èrò ọkọ̀ ni ó jẹ mẹ́rin, àwọn ará gárèjì ni ó sì jẹ mẹ́fà. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ₦18,000 ni ₦7,200. Iye yìí nìkan ni a lè sọ pé àjò àbẹ̀wò fi kún ọrọ̀ ajé láti ọ̀dọ̀ ìyá yìí lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó: ₦60,000, ₦18,000, ₦7,200. Iye mẹ́ta ni, láti inú ìkòkò kan ṣoṣo. Olóṣèlú tí ó fẹ́ ṣe fọ́ńté yóò mú èkíní. Ẹni tí kò fẹ́ kí ìjọba náwó sí ọ̀nà yóò ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé yékéyéké ni yóò mú ẹ̀kẹta.

Nítorí náà, a lè la ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún gbogbo irú olùbẹ̀wò, kí a sì ká òṣùwọ̀n kò nígbà tí a bá ń ka èrè wọn. Èyí ni ọgbọ́n tí ó wà nínú ìwé náà, ohun ni ó sì sọnù nígbà tí a bá ṣe òdìkejì, tí a ń ka àlejò ilé ìtura nìkan, tí a sì ń pe gbogbo owó tí wọ́n ná ní èrè.

Àsọdùn àti Owó Tí Ó Ń Jò

Ohun mìíràn tí òǹkàwé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni ẹni tí ó ń sọ iye. World Travel & Tourism Council, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ńláńlá nínú iṣẹ́ ìrìn-àjò, a máa gbé iye tirẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àpapọ̀ iye tí ẹgbẹ́ náà ń kéde kò dúró lórí ₦7,200 ìyá olóúnjẹ nìkan. Ó ń bá owó náà lọ sí ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ onírẹsì, ó sì tún ń bá a lọ sí ibi tí ọmọ tí ń fọ abọ́ ti ná owó oṣù rẹ̀. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìwé ìlànà, èyí tí kì í kọjá ohun tí ọwọ́ olùbẹ̀wò kàn tààrà. Bí ìwé ìròyìn bá wá to iye méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìṣàlàyé, òpè ni wọ́n ń fi òǹkàwé ṣe.

Owó a sì máa jò. Ní 1965 ni àwọn onígbafẹ́ láti Sweden bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilẹ̀ Gáḿbíà ní ẹgbẹẹgbẹ́, ó sì di iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àlejò ti san owó ọkọ̀ òfuurufú, ibùsùn àti oúnjẹ pa pọ̀ ní Yúróòpù kí wọ́n tó kúrò nílé. Bí wọ́n bá dé, wọn kì í jáde kúrò nínú ọgbà ilé ìtura, ẹlẹ́ja àti ọlọ́sàn sì ń wò wọ́n láti ìta. Ní 1999 ni ìjọba Gáḿbíà fi òfin de irú ètò àsanpọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ọdún méjì tí wọ́n fi tú òfin náà ká. Àlejò pọ̀, àwòrán dára, ṣùgbọ́n ibi tí owó sọ̀kalẹ̀ sí ni ìbéèrè.

Kí a má rò pé Gáḿbíà nìkan ni. Ẹ wo aṣọ tí a ń wọ̀ lọ sí òde ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ léèsì tí ó dára jù ni a hun ní ìwọ̀-oòrùn Austria, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ti ń ṣe é fún ọjà Nàìjíríà láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bí ará Èkó bá ra irú léèsì bẹ́ẹ̀ lọ sóde ní Ìjẹ̀bú-Òde, owó tí aránṣọ gbà àti èrè ẹni tí ó tà á jẹ́ tiwa. Owó aṣọ fúnra rẹ̀ ti rékọjá òkun. Ẹni tí ó wọ aṣọ òfì tí a hun ní Ìsẹ́yìn fi èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ nílé. Ìwé ìṣirò alábàárìn mọ ìyàtọ̀ yìí, fọ́ńté ojú agbo kò mọ̀ ọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì pé ọ̀nà ìkànkà lè yí ojú ìwòye padà, kí ó rántí oṣù kẹrin ọdún 2014. Àjọ tí ń bójú tó ìṣirò ní Nàìjíríà yí ọdún ìpìlẹ̀ padà láti 1990 sí 2010, iye ẹ̀ka iṣẹ́ tí wọ́n ń kà sì kúrò ní 33, ó di 46. Ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè pèsè ní 2013, tí a ti ń pè ní nǹkan bí ₦42.4 tírílíọ̀nù, di ₦80.2 tírílíọ̀nù. Ìkòkò ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kún sí i lóru ọjọ́ náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé a rí àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn òṣèré fíìmù àti olórin sì wà lára wọn. Ní 2025, wọ́n tún yí ọdún ìpìlẹ̀ sí 2019. Ìgbà gbogbo tí a bá tún òṣùwọ̀n ṣe, ẹnìkan a máa jáde láti inú òkùnkùn.

Ibi Tí Ojú Ìwé Náà Kò Tó

A ti yin ìwé náà, ó tó àkókò láti sọ àléébù rẹ̀. Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: lójú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, lẹ́yìn àlejò ni a ń san án. Ìwé ìlànà náà mọ owó tí àlejò ná, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún owó tí ẹlòmíràn ná nítorí rẹ̀. Bí onílé bá ra àkùkọ lọ́jà nítorí àna rẹ̀, a lè rí i kà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìyá ilé tí ó jí ní aago mẹ́rin gún iyán, tí ó gbé omi ìwẹ̀ kaná, tí ó fọ aṣọ ọmọ àlejò, tí ó sì sùn lórí ilẹ̀? Bí ilé ìtura bá ṣe gbogbo èyí, ìṣirò yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí pé ìyá ilé ni ó ṣe é, kò wọ ìwé. Àléébù yìí kì í ṣe ti ìwé alábàárìn nìkan. Láti inú ìwé ìṣirò ńlá ni ó ti jogún rẹ̀, èyí tí kì í ka iṣẹ́ ilé tí a kò sanwó fún. Ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń sùn sí ilé ẹbí, àléébù náà wúwo lọ́rùn wa ju bí ó ti wúwo lọ́rùn àwọn tí ó kọ ìwé lọ. Ọrùn àwọn obìnrin ni ó sì wà jù.

Ẹ̀kejì ni ohun tí ojú ń rí. Ní ẹ̀bá ọ̀nà Abuja sí Kaduna, nínú ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Niger, ni òkúta Zuma dúró sí. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦100 tí a gbé jáde ní 1999. Gbogbo èrò tí ó bá kọjá ni ó ń wò ó láti inú ọkọ̀, kò sì sí ẹni tí ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nínú ìṣirò, àgbàdo bíbọ̀ tí èrò rà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wúwo ju òkúta náà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi Gurara, tí ó ń já bọ́ láti orí àpáta ní ọ̀nà Minna sí Suleja. A kò sọ pé kí wọ́n fi iye lé ẹwà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá rí òdo nínú ìwé kò gbọdọ̀ rò pé òdo ni nǹkan náà jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìparun. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá lọ sí etí odò kan, tí wọ́n fi ọ̀rá àti ike kún inú omi, owó tí wọ́n ná wọ ìwé, ṣùgbọ́n omi tí ó bàjẹ́ kò wọ ibẹ̀. Ó dùn mọ́ wa pé àwọn onímọ̀ ìṣirò fúnra wọn ti rí èyí. Ní 2024, ìgbìmọ̀ ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà tuntun tí yóò máa wo ọrọ̀ ajé, ìgbé-ayé àwọn ará ìlú àti ilẹ̀ òun omi papọ̀. Ohun tí ó kù ni kí a máa lò ó.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti ń sọ láti òkè wá kò pọ̀. Ìwé ìlànà tí ayé ń lò mọ ìyá agùnbánirọ̀, ó mọ aṣọ̀fọ̀, ó sì mọ ẹni tí ó wá tọrọ ọmọ lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀rọ̀ tí a fi túmọ̀ iṣẹ́ náà ni kò mọ̀ wọ́n. Ìwé náà ní àléébù, pàápàá lórí iṣẹ́ ìyá ilé, ṣùgbọ́n a kò lè rí ẹsẹ̀ dúró bá a wí títí a ó fi kọ́kọ́ kà á bí ó ti wà.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ohun tí a kò kà, a kì í náwó sí i. Láti 1962 tí Nàìjíríà ti dá ẹgbẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ sílẹ̀, títí dé ìgbìmọ̀ 1976, àjọ 1992 àti òfin 2022, ọ̀rọ̀ nípa ilé ìtura àti àlejò ilẹ̀ òkèèrè ni etí wa gbọ́ jù. Èrò tí ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ wá sí Minna ń fẹ́ ọ̀nà tí kò ní kòtò, ó ń fẹ́ ààbò lọ́wọ́ àwọn agbébọn, ó sì ń fẹ́ gárèjì tí ó ní ilé ìyàgbẹ́ àti omi tí ó mọ́. Ìyá olóúnjẹ tí ń bọ́ ọ ń fẹ́ ìsọ̀ tí òjò kì yóò wọ̀. Bí orúkọ wọn kò bá sí nínú ìwé, ta ni yóò rántí wọn nígbà tí wọ́n bá ń pín owó?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá wálé fún ìsinmi, iṣẹ́ kékeré kan rèé. Ẹ ka àwọn tí ó sùn sí ilé yín ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí ó gbé wọn wá, iye tí wọ́n san fún ọkọ̀, àti ohun tí wọ́n rà. Ní ìlà tí ó kẹ́yìn, ẹ kọ aago tí ìyá yín jí sílẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a kò bá ka àlejò fún onílé, onílé nìkan ni yóò máa dá san gbèsè náà.